Ẹ̀yìn Owó

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn, tí kò jẹ́ kí n lè ná owó bí mo ṣe ń ná an tẹ́lẹ̀: ta ni obìnrin tó wà lẹ́yìn ogún náírà? Mo bi ọlọ́kadà. Mo bi àwọn tá a jọ wà níbi iṣẹ́. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì. Kò sí ẹni tí kò mọ Murtala tó wà níwájú nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ la kúkú fi ń pe owó náà: múrí kan, múrí méjì. Àmọ́ bí mo bá ti yí owó náà padà, kẹ́kẹ́ á pa. "Obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò ni," ibi tí ẹni tó gbìyànjú jù dé nìyẹn. Ọlọ́kadà ní tirẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń ya nǹkan sẹ́yìn owó.

Mi ò bá wọn wí. Lẹ́ńsì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù tó ń sọ èèrà di erin, ló ṣí èmi náà lójú. Nítorí òdòdó àti kòkòrò ni mo ṣe rà á. Òjò wá sé mi mọ́lé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wá ohun tí mo lè yà lórí tábìlì, owó ló wà nítòsí.

Ìlà ni gbogbo rẹ̀

Àwọ̀ ni ojú lásán ń rí lára owó. A mọ ogún náírà sí àwọ̀ ewé, ó parí, a ti ná an. Nínú lẹ́ńsì, àwọ̀ yẹn tú ká. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ojú mọ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ aṣọ. Ìlà ni gbogbo rẹ̀, ìlà tín-ín-rín tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Níbi tó bá yẹ kó ṣókùnkùn, wọ́n á sún mọ́ra. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà, wọ́n á jìnnà síra. Ikùn ìkòkò yọ róbótó jáde lára ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí pé ẹni tó fa ìlà wọ̀nyẹn jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ bí ikùn ìkòkò ṣe tẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé igbá fínfín ará Ọ̀yọ́ wò dáadáa á mọ irú ọgbọ́n tí mò ń wí: ibi tí ọ̀bẹ gé jẹ́ ọnà, ibi tí ọ̀bẹ fò dá sí náà jẹ́ ọnà.

Mo rọra sún lẹ́ńsì láti ikùn ìkòkò bọ́ sí ọwọ́ obìnrin náà. Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Owó tó wà lọ́wọ́ mi yẹn ti rìn jìnnà. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ya bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ká a léraléra, ọ̀dà ara rẹ̀ á máa bó níbi ìṣẹ́po. Ìṣẹ́po ti owó mi yìí gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kọjá gẹ́lẹ́. Lójú lásán, ìlà funfun kan báyìí ni. Nínú lẹ́ńsì, ọ̀dà náà ti sán wẹ́wẹ́, etí rẹ̀ ti ká sókè, àárín rẹ̀ mọ́ gbòlà. Ìka wà lára ìkòkò, apá wà níbi tí apá ń gbé, ohun tó so ìka mọ́ apá ti lọ. Dúdú tó rá mọ́ ojú ibi tó bó yẹn, epo ọwọ́ àwọn tó ti ná an kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ni.

Mo ya fọ́tò yẹn, mo sì ń wò ó títí òjò fi dá. Iṣẹ́ ọwọ́ ló sọ obìnrin yìí di ẹni tí wọ́n ń yà sára owó. Ọwọ́ ọ̀hún gan-an la wá ná bó.

Ladi, ará Kwali

Ladi Kwali lorúkọ obìnrin ẹ̀yìn ogún náírà yìí. Ọmọ Gbagyi ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari. Nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Kwali, ìlú tó ti bọ́ sábẹ́ agbègbè olú ìlú Nàìjíríà báyìí. Lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ ìkòkò mímọ ní kékeré, bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí ìkòkò fún wọn. Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò po. Á ká amọ̀ lé amọ̀, á máa rìn yí i ká, á máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ikùn rẹ̀ á fi gún régé. Lẹ́yìn náà ni á wá fín alángbá, àkeekèé, ọ̀nì àti ẹja sí i lára.

Nínú ààfin Ẹ́míà Abuja ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́, ti rí ìkòkò rẹ̀. (Abuja ayé ìgbà yẹn la ń pè ní Suleja lónìí, olú ìlú tuntun gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀.) Cardew ti dá ibi ìmọ̀kòkò sílẹ̀ nílùú náà, Ladi sì darapọ̀ mọ́ wọn ní 1954. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó dé Gẹ̀ẹ́sì, ó dé Amẹ́ríkà, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn èrò tó pé jọ láti wò ó. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977, ìjọba àpapọ̀ náà fi oyè tiwọn dá a lọ́lá kí ó tó kú ní 1984. Títì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Abuja, àwọn ọlọ́lá sì ń gba ibẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Ìkòkò omi tí Ladi kọ́ nílé, irú àmù tí àwọn ìyá wa gbé sí kọ̀rọ̀ yàrá ni. Ihò tín-tìn-tín tó wà lára amọ̀ ló ń jẹ́ kí omi rọra máa rin jáde. Atẹ́gùn á gbé èyí tó rin, inú ìkòkò á tutù. Ní ibi ìmọ̀kòkò ti Cardew, wọ́n ń fi èròjà tó ń dán kun ìkòkò, wọ́n á sì sun ún nínú iná tó gbóná ju ti ilé lọ fíìfíì. Ihò wọ̀nyẹn á dí pa. Ìkòkò á dán, á le, á lẹ́wà, kò sì ní lè mú omi tutù mọ́. Ohun ìlò di ohun ìwò, orí pẹpẹ ilé àwọn olówó àti inú mùsíọ́ọ̀mù ló sì gbà lọ. Iye tí wọ́n ń rà á wá fò sókè.

Ogún náírà gba ọ̀nà kejì tọ ibì kan náà lọ. Iye rẹ̀ já títí kò fi ra ohunkóhun mọ́. Gbogbo ohun tó kù tí a lè fi í ṣe ni pé ká wò ó, a kò sì wò ó.

Bí owó ṣe ń ga sí i

Lẹ́yìn ọjọ́ òjò yẹn, mo to gbogbo owó náírà sórí tábìlì, ẹ̀yìn ni mo dá wọn dé sí gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Níwájú, àwọn tí a kọ́ orúkọ wọn nílé ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀: Tafawa Balewa, Alvan Ikoku, Murtala, Awólọ́wọ̀, Sardauna, Azikiwe, àti Mai-Bornu pẹ̀lú Isong, ọmọ Nàìjíríà méjì àkọ́kọ́ tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀. Àádọ́ta náírà nìkan ni kò gbé òṣèlú tàbí ọ̀gá kankan síwájú. Ojú ará ìlú lásán ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn. Náírà márùn-ún: àwọn onílù àti oníjó Nkpokiti láti ilẹ̀ Ìgbò. Náírà mẹ́wàá: àwọn obìnrin Fúlàní tó ru igbá wàrà. Ogún: Ladi. Àádọ́ta: àwọn apẹja. Títí dé ibẹ̀, èèyàn la rí, ọwọ́ wọn ò sì dilẹ̀. Bí a bá ti fi àádọ́ta sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọgọ́rùn-ún: àpáta Zuma, tó wà nítòsí Suleja, lórí ilẹ̀ àwọn Gbagyi kan náà tó bí Ladi. Igba: ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: ilé iṣẹ́ tó ń fa epo rọ̀bì láti inú òkun. Ẹgbẹ̀rún kan: olú ilé iṣẹ́ báńkì àpapọ̀ ní Abuja.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo débẹ̀. Báńkì tẹ owó tó tóbi jù lọ, ó sì ya ilé ara rẹ̀ sí i lẹ́yìn.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n tẹ gbogbo owó yìí, àwọn tó pinnu àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sì í ṣe ẹnì kan náà. Ọdún 1977 ni ogún náírà jáde, ó sì di ọdún 2007, tí wọ́n tún owó kéékèèké ṣe, ká tó gbọ́ pé Ladi ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí rọ́bà. Ẹgbẹ̀rún kan ní tirẹ̀, 2005 ló dé. Síbẹ̀, ohun tó wà lórí tábìlì kò ṣeé fi ọwọ́ bò. Ìlù, wàrà, ìkòkò àti ẹja, iṣẹ́ tí àwọn ìyá àti bàbá wa fi tọ́ ọmọ, la fi sára owó tí ọlọ́jà ń bínú gbà. Epo àti ilé báńkì la fi sára èyí tí wọ́n ń há mọ́ àyà. Bí owó ọjà sì ṣe ń ga lọ́dọọdún, láti ìsàlẹ̀ ni owó ti ń kú. Nkpokiti ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán báyìí. Ẹ wo àpò yín bóyá ẹ ó rí i. Àwọn obìnrin oníwàrà ń tẹ̀ lé wọn. Ladi ló kàn.

Àtàǹpàkò ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́

Mo ti ń rò ó pé èmi nìkan ló ń wo owó nílẹ̀ yìí, títí mo fi ra ṣọkọ lọ́wọ́ ìyá kan ní Bódìjà. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún kan. Kò wò ó rárá. Ó fi àtàǹpàkò fa ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tì í bọ abẹ́ ọmú.

"Ìyá, ẹ ò tiẹ̀ wò ó?"

"Kí ni mo fẹ́ wò lára ẹ̀, ọmọ mi? Ojú tèmi ti ń ṣe bàìbàì. Ayédèrú a máa yọ̀ lọ́wọ́. Ojúlówó, wàá mọ̀ pé nǹkan kan wà ńbẹ̀."

Nígbà tí mo délé, mo gbé ẹgbẹ̀rún kan sábẹ́ lẹ́ńsì, mo pa iná yàrá, mo wá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ sórí bébà. Ọ̀rọ̀ ìyá náà yọ sójú. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ báńkì kò tẹ́lẹ̀. Ó dìde dúró lórí bébà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní òjìji tirẹ̀. Wọ́n fín àwòrán sínú irin, wọ́n rọ ọ̀dà sí ojú ibi tí wọ́n fín, wọ́n wá fi agbára tẹ bébà mọ́ ọn títí bébà fi fà á jáde. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe fún ìka ni, ìka ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ti mọ̀ ọ́n kí lẹ́ńsì tèmi tó dé.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló tún wà níbẹ̀ tí ìka kò lè dé. Okùn tín-ín-rín tó dà bíi pé ó já, àmọ́ tí ẹ bá nà án sí oòrùn tí ẹ ó rí i pé kò já, lẹ́tà CBN wà lára rẹ̀ ní kéékèèké. Nọ́ńbà dúdú tí wọ́n tẹ̀ sí i máa ń di àwọ̀ ewé lábẹ́ iná àwọn tó ń yẹ owó wò ní báńkì. Nítorí àwọn ayédèrú ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ìbẹ̀rù olè lè bí nǹkan tó lẹ́wà tó báyìí.

Aró

Ẹ rántí Oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí wọ́n gbé igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún tuntun jáde. Mi ò ní tún ìyà oṣù tó tẹ̀ lé e sọ, gbogbo wa la wà lórí ìlà. Ohun tí àwọn ará àdúgbò sọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí owó náà ni mo fẹ́ mú wá: wọ́n ní aláró ni ìjọba gbé e fún. Mo ti gbé tuntun àti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nísinsìnyí, àwọn ará àdúgbò ò purọ́. Ilé báńkì ṣì ni ilé báńkì, epo ṣì ni epo. Àwọ̀ ló pààrọ̀. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1984 náà, àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀ lára owó láti fi dí àwọn tó ń kó o kọjá ibodè lọ́wọ́. Buhari ló wà lórí àlééfà nígbà méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ràn aró, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́, owó sẹ́fà tí àwọn èèyàn wa ń ná níbẹ̀ kò ní ojú olórí kankan lára. Ẹja oníayùn kan ló wà níwájú rẹ̀, àwòrán òṣùwọ̀n idẹ tí àwọn Akan ń fi wọn wúrà láyé àtijọ́. Ràkúnmí wà lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kan, ẹyẹ wà lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Wọ́n mọ́, wọ́n dán, ó dùn ún yà ní fọ́tò. Òṣùwọ̀n owó tó padà wá di àmì owó, ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n Chamalières nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹnì kankan lára rẹ̀ tí mo lè béèrè orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn tiwa tó ń bó yìí jù ú lọ.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí a kò ná

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2012, Sanusi Lamido Sanusi tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà kéde pé wọ́n fẹ́ tẹ náírà 5,000. Obìnrin mẹ́ta ni yóò wà lára rẹ̀: Margaret Ekpo, Gambo Sawaba àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Èmi a máa ronú lórí ti Ransome-Kuti jù. Ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti bá ìjọba jà lórí owó orí, ìjà tó lágbára débi pé Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Obìnrin tó ta ko owó orí, wọ́n wá fẹ́ gbé orí rẹ̀ sórí owó! Bóyá ìyá náà ì bá gbà, bóyá ì bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wọn.

Ariwo sọ. Àwọn èèyàn ní owó ńlá á mú kí ọjà wọ́n sí i, á sì jẹ́ kó rọrùn fún àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ láti gbé e. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án, Ààrẹ Jonathan ní kí wọ́n dá a dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé ni pé ètò kan náà ló fẹ́ sọ náírà márùn-ún, mẹ́wàá àti ogún di owó onírin. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí obìnrin mẹ́ta bá wọlé sára owó tó tóbi jù, Nkpokiti, àwọn oníwàrà àti Ladi á gba ẹ̀yìn ilé jáde. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n dìbò nígbà yẹn, mi ò mọ ibi tí ǹ bá tẹ̀ka sí. Ohun tó dé bá wa náà ni pé obìnrin mẹ́ta ò wọlé, ọ̀wọ́n gógó sì ń lé àwọn ti ìsàlẹ̀ jáde láìsí ìkéde kankan.

Láti ìgbà náà, ìbuwọ́lùwé Priscilla Eleje ti wà lára náírà, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹ̀ka tó ń bójú tó owó. Mo ti gbé ìyẹn náà sábẹ́ lẹ́ńsì. Ọwọ́ tó yá ni.

Ohun tí mò ń wá báyìí ni múrí tó ṣì mọ́, tí wọn ò tíì ká, kí n lè ya ọwọ́ Ladi lódindi. Mi ò lè sọ pé mo fẹ́ rà á, torí òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka títa náírà sí ẹ̀ṣẹ̀, bó ṣe ka níná an lóde àríyá náà sí ẹ̀ṣẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni. Ẹni tó bá ní kó kàn sí mi. Màá fún un ní ogún náírà mìíràn tó ti bó, a ó sì jọ mu gààrí lé e.